Línkà wo ni kí n fi so JQ1 mọ́ pomalidomide? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìpakodò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ onípò másítà ni mí nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní Ìkòròdú níbí. Iṣẹ́ tí olùkọ́ mi gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n kọ́ mólékù bíi mẹ́rin nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní PROTAC, tí orí rẹ̀ kan ń di purotéènì àfojúsùn mú, tí orí kejì sì ń di ẹ́ńsáìmù E3 mú, kí E3 lè lẹ ubiquitin, tó jẹ́ àmì ìparun, mọ́ purotéènì náà lára, kí proteasome inú sẹ́ẹ̀lì sì wó o palẹ̀. BRD4, purotéènì kan tó ń darí bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ni a fi ṣe àfojúsùn, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn ti tọ ọ̀nà yẹn ṣáájú wa, a sì lè fi iṣẹ́ wa wé tiwọn.

Mo ti ní JQ1, mólékù tó ń di BRD4 mú, tó ṣì jẹ́ ésítà tert-butyl, mo sì ní 4-fluorothalidomide tí n ó fi kọ́ apá pomalidomide tó ń mú cereblon, tó jẹ́ ẹ̀yà ara E3 kan. Ohun tó kù, tó sì ń dà mí láàmú, ni línkà tí yóò so orí méjèèjì pọ̀. Nínú ìwé ọjà tí mo ń wò, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún: ti PEG (ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn) kúkúrú, ti PEG gígùn, ti kábọ́ọ̀nù lásán, èyí tó ní òrùka piperazine láàrin, èyí tó ní òrùka triazole. Owó ọwọ́ mi kò lè ra ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ohun tí a bá sì béèrè láti òkè òkun máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà n kò láǹfààní àti ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé línkà kò ju okùn lọ, pé kí n ṣá ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Olùkọ́ mi ní kí n lọ tún èrò náà rò. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń yan tiyín?

Ọmọ Èbúté

Àbúrò mi, òótọ́ ni olùkọ́ rẹ sọ. Jẹ́ kí n fi ìgbéyàwó ilé wa ṣe àpèjúwe rẹ̀. Alárinà ni PROTAC. Kì í ṣe òun ni yóò gbé ìyàwó, kì í sì í ṣe òun ni yóò gbé ilé ọkọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mú ìdílé méjì jókòó kojú ara wọn títí ọ̀rọ̀ yóò fi wọ̀. Àwọn àgbà sì ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni: bí ubiquitin bá ti lẹ̀ mọ́ BRD4 tán, mólékù wa yóò tú sílẹ̀, yóò sì lọ mú BRD4 mìíràn wá, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ fi lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Línkà ni ó ń pinnu bí ìdílé méjèèjì yóò ṣe jókòó. Bí ó bá kúrú jù, wọn yóò forí gbárí. Bí ó bá gùn jù, ọ̀kan yóò wà ní yàrá, èkejì yóò wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ó bá sì jáde láti ibi tí kò yẹ, wọn yóò kẹ̀yìn síra wọn.

Ẹ̀rí rẹ̀ tó dá mi lójú jù lọ wà lórí BRD4 tìrẹ gan-an. BRD2, BRD3 àti BRD4 jọ ara wọn bí ọmọ ìyá, JQ1 sì ń di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú láìfi bẹ́ẹ̀ ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ ìwádìí Alessio Ciulli ní Dundee gbé MZ1 jáde ní 2015, tí wọ́n fi PEG kúkúrú so JQ1 mọ́ lígáǹdì VHL (mólékù tó ń di VHL, ẹ̀yà ara E3 mìíràn, mú), BRD4 ni ó kọ́kọ́ ń pòórá nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn méjì yòókù sì ń pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2017, wọ́n tẹ àwòrán ìrísí àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, VHL, MZ1 àti BRD4, jáde láti inú kírísítálì, a sì wá rí ìdí rẹ̀: línkà náà ká kò, ó jẹ́ kí VHL àti BRD4 fara kan ara wọn, ibi tí wọ́n sì ti fara kanra ní àwọn ẹ̀yà amino acid tí BRD2 àti BRD3 kò ní lọ́nà kan náà. Láti inú àwòrán yẹn ni wọ́n ti yí ibi tí línkà ti ń jáde lára lígáǹdì VHL padà, wọ́n pe mólékù tuntun náà ní AT1, ó sì tún yan BRD4 ju ti ìṣáájú lọ. Kò sí ohun tó yí padà nínú JQ1. Mo fẹ́ kí o ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì kí o tó pe línkà ní okùn.

Nítorí náà, kí o tó béèrè pé línkà wo, kọ́kọ́ béèrè pé níbo ni yóò ti jáde. Ní ti JQ1, apá tí ésítà wà ni ó yọjú síta sínú omi nígbà tí ìyókù rẹ̀ ti wọ inú ihò BRD4, torí náà sọ ọ́ di ásíìdì kí o sì fi ámáìdì so ó. Ní ti pomalidomide, òrùka glutarimide ni ó wọ inú cereblon lọ jinlẹ̀. Má ṣe fọwọ́ kàn án rárá. Ara òrùka kejì, ní ipò 4 tàbí 5, ni kí línkà ti jáde. 4-fluorothalidomide tí o ní ti yan ipò 4 fún ọ.

Ará Ẹ̀pẹ́

Orí kọ̀ǹpútà ni tèmi, n kò fi bẹ́ẹ̀ di ìgò mú mọ́. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ, mo sì fẹ́ fi díẹ̀ kún un. Àkójọ kan wà lórí ayélujára tó ń jẹ́ PROTAC-DB, ọ̀fẹ́ ni, níbi tí wọ́n ti kó àwọn PROTAC tí a ti tẹ̀ jáde jọ pẹ̀lú línkà wọn àti bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ sí. Wá BRD4 níbẹ̀, kí o sì wo èyí tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa bákan náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ sí PDB, àkójọ àwòrán ìrísí purotéènì, kí o gba àwòrán cereblon pẹ̀lú àwòrán BRD4 tó di JQ1 mú, kí o fi ojú ara rẹ rí ibi tí ọ̀nà ti là síta.

Ní ti gígùn, má ṣe mú òfin ara purotéènì kan lọ sí ara òmíràn. Nínú iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer tẹ̀ jáde ní 2018 lórí purotéènì BTK, wọ́n ṣe PROTAC mọ́kànlá tí gígùn línkà wọn yàtọ̀. Àwọn kúkúrú kò ṣiṣẹ́ nítorí pé BTK àti cereblon ń forí gbárí, àwọn gígùn sì ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹni tó bá gba ìyẹn bí òfin yóò sọ pé kí gbogbo wa máa ra línkà gígùn. Ṣùgbọ́n dBET1, tí wọ́n gbé jáde ní 2015, tí ó sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n pátápátá fún ohun tí o fẹ́ kọ́, línkà kúkúrú ni ó ní, kábọ́ọ̀nù mẹ́rin pẹ̀lú ámáìdì àti ọ́síjìn kan, ó sì wó BRD4 palẹ̀ dáadáa.

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi PRosettaC lè ya àwòrán àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọ. Èrò tèmi ni pé kí a máa lò wọ́n láti fi yọ línkà tí kò ṣeé ṣe kúrò, kí a má ṣe lò wọ́n láti fi dé adé lé ọ̀kan lórí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìpakodò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti wo àwòrán BRD4 pẹ̀lú JQ1 lálẹ́ àná, mo sì rí apá tó yọjú síta náà kedere. Ìbéèrè tó kù ni ti irú línkà. Ṣé PEG ni kí n rà, àbí kábọ́ọ̀nù lásán? Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú piperazine nítorí pé òun ni àwọn oògùn tó ti dé ọ̀dọ̀ aláìsàn ń lò.

Ọmọ Èbúté

Ẹlẹgbẹ́ rẹ kò purọ́, ṣùgbọ́n ìparí ọ̀nà ni ó fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. ARV-110, tó jẹ́ PROTAC àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ènìyàn nínú ìdánwò oògùn ní 2019 fún jẹjẹrẹ ẹ̀yà ara ọkùnrin tí à ń pè ní prostate, àti ARV-471 tó wà fún jẹjẹrẹ ọmú, òrùka piperidine àti piperazine ni ó wà nínú línkà àwọn méjèèjì. Ó bójú mu bẹ́ẹ̀. Línkà tó le gbagidi kì í pàdánù agbára níbi yíyí kiri, ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ kì í sì í tètè rí ibi gé e, náítírójìn inú piperazine sì ń ràn án lọ́wọ́ láti yọ́ nínú omi. Ṣùgbọ́n ohun tó le gbagidi, bí ó bá kọjú sí ibi tí kò yẹ, kò lè yí padà. Àwọn tó kọ́ irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ mọ gígùn àti ìhà tí wọ́n fẹ́. Ìwọ kò tíì mọ̀ ọ́n. Fi èyí tó rọ̀ wá gígùn ná. Bí o bá ti rí i, kí o wá fi òrùka dè é.

Láàrin PEG àti kábọ́ọ̀nù lásán, ohun tí o jèrè níhìn-ín ni o ń pàdánù lọ́hùn-ún. PEG fẹ́ràn omi, nítorí náà kì í jẹ́ kí mólékù ńlá bíi tìrẹ di èérún sínú ìgò, ó rọrùn láti rí rà, àmọ́ ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ máa ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́síjìn rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù lásán fẹ́ràn ọ̀rá, ó lè ràn án lọ́wọ́ láti gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá, ṣùgbọ́n bí ó bá gùn jù, kò ní yọ́ mọ́, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan. Rántí pé òfin Lipinski tí a kọ́ wa nílé ìwé ní kí mólékù oògùn ẹnu má wúwo ju 500 dáltọ́nì lọ, àwọn PROTAC sì sábà máa ń wà láàrin 700 sí 1,000 tàbí kí wọ́n lé díẹ̀. Nítorí náà gbogbo átọ́ọ̀mù tí o bá fi kún línkà ní iye tó ń ná ọ.

Ohun tí èmi yóò ṣe nìyí, bí ó bá jẹ́ pé mẹ́rin péré ni agbára mi ká. N ó ra ámíìnì olórí méjì tí wọ́n ti fi Boc, ìbòrí tó ṣeé yọ, bo orí kan: ti kábọ́ọ̀nù mẹ́rin, ti kábọ́ọ̀nù mẹ́jọ, ti PEG kúkúrú tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ méjì, àti ti PEG tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Ka átọ́ọ̀mù tó wà láàrin náítírójìn méjèèjì, ìwọ yóò rí i pé ti kábọ́ọ̀nù mẹ́jọ àti ti PEG ọlọ́síjìn méjì bá ara wọn dọ́gba, mẹ́jọ-mẹ́jọ. Bí iṣẹ́ àwọn méjèèjì bá yàtọ̀, kì í ṣe gígùn ni ó fà á, ìwà línkà fúnra rẹ̀ ni. Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin àti mẹ́jọ yóò sọ ti gígùn fún ọ láìyí ìwà padà, PEG ọlọ́síjìn mẹ́rin, tó ní átọ́ọ̀mù mẹ́rìnlá, yóò sì sọ bóyá ó yẹ kí o tún gùn sí i. Èyí tó fúyẹ́ jù nínú àwọn PROTAC tí ìwọ yóò kọ́, ti kábọ́ọ̀nù mẹ́rin, yóò wúwo tó nǹkan bí 727. Ti kábọ́ọ̀nù mẹ́jọ àti ti PEG kúkúrú yóò wà ní nǹkan bí 785.

Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tí òǹtajà kọ sára ìgò. Ohun tí ilé ìtajà kan ń pè ní PEG2, òmíràn lè pè é ní PEG3, nítorí pé kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n ń kà. Wo àwòrán rẹ̀, kí o sì ka átọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ.

Bàbá Sábó

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè wá.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ kò kan èrè iṣẹ́ rẹ, ara rẹ àti ti àwọn tó wà ní yàrá iṣẹ́ náà ni ó kàn. Ọmọ thalidomide ni ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Oògùn yẹn ni wọ́n kó kúrò lọ́jà ní Jámánì ní 1961, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tó lé ní 10,000 káàkiri ayé ti wá sáyé pẹ̀lú apá àti ẹsẹ̀ tí kò pé. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ṣeé ṣe kó lóyún kò gbọdọ̀ wọn ìyẹ̀fun rẹ̀. Wọ ìbọ̀wọ́ méjì, wọn ọ́n lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ síta, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò.

Ní ti ìsè rẹ̀, ọ̀nà rẹ kò gùn. Fi ámíìnì tí a fi Boc bo náà lé fluorine kúrò lára 4-fluorothalidomide nínú DMSO (omi tí a fi ń yọ́ nǹkan) pẹ̀lú béèsì tí kò le, DIPEA, ní nǹkan bí 90 °C. Àwọ̀ ofeefee tó ń tàn yóò fi hàn ọ́ pé ó ti ń ṣẹlẹ̀. Fi ásíìdì TFA yọ Boc. Fi HATU, tó ń mú ámáìdì so, so ó mọ́ ásíìdì JQ1. Ibi méjì ni ìparun wà. Ìkíní, òrùka glutarimide kò fara da béèsì líle. Bí thalidomide bá ti wọ inú mólékù, má ṣe jẹ́ kí sodium hydroxide súnmọ́ ọn mọ́, má sì sè é kọjá ìgbà tó yẹ. Ìkejì, ásíìdì ni kí o fi yọ tert-butyl kúrò lára JQ1, kì í ṣe béèsì, nítorí pé béèsì lè yí ọwọ́ ọ̀tún mólékù náà padà sí òsì, apá òsì yẹn kì í sì í di BRD4 mú. Iye tí ìwọ yóò rí kó ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ lè má pọ̀. Má ṣe bínú sí ara rẹ.

Ará Ẹ̀pẹ́

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Kí ni ẹ rí sí triazole? Bí àbúrò wa bá fi azide sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó fi alkyne sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó lè yí línkà padà bó ṣe wù ú, ọ̀nà yẹn sì ni wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel ti 2022 dá Carolyn Bertozzi, Morten Meldal àti Barry Sharpless lọ́lá fún.

Bàbá Sábó

Ọ̀nà tó dára ni fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ogún tàbí ọgbọ̀n. Ẹni tó fẹ́ kọ́ mẹ́rin kò nílò rẹ̀, azide kì í sì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dá nìkan wà ní yàrá iṣẹ́ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Bí sodium azide bá pàdé dichloromethane, ohun tó ń bú gbàù ni yóò bí. Bí ó bá pàdé ásíìdì, afẹ́fẹ́ olóró ni. Bí ó bá di dandan, ra azide tí wọ́n ti ṣe tán, èyí tí kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn inú rẹ̀, bí a bá kà wọ́n pọ̀, tó ìlọ́po mẹ́ta náítírójìn rẹ̀ ó kéré tán. Kí o sì fọ bàbà (copper), tí wọ́n fi ń mú azide àti alkyne so pọ̀, kúrò lára mólékù náà dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí bàbà tó bá ṣẹ́kù yóò máa pa sẹ́ẹ̀lì, ìwọ yóò sì rò pé PROTAC rẹ ni.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá fún ọ̀rọ̀ bàbà yẹn. Èmi ni mo máa ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀dọ̀ irú mi ni àwọn onílínkà máa ń gbé ìgò wọn wá, ó sì dùn mí pé wọ́n sábà máa ń dá línkà lẹ́bi fún ohun tí línkà kò ṣe.

Ìwọ̀n tí o bá lò ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣọ́. Nínú àpèjúwe ẹ̀gbọ́n wa, bí alárinà bá pọ̀ jù, ọ̀kan yóò jókòó sílé ọkọ, òmíràn yóò jókòó sílé ìyàwó, ìdílé méjèèjì kò sì ní pàdé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn bí PROTAC bá ti pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì: BRD4 yóò tún pọ̀ padà. Ẹni tó bá dán an wò ní 10 máíkírómólà nìkan lè da línkà tó dára jù lọ nù. Bẹ̀rẹ̀ láti 1 nánómólà, kí o máa fi ìlọ́po mẹ́wàá gòkè dé 10 máíkírómólà, kí o sì wò ó ní wákàtí mẹ́rin àti ní wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àfiwéra. Fi JQ1 nìkan sí sẹ́ẹ̀lì kan, nítorí pé JQ1 lásán lè mú kí BRD4 pọ̀ sí i. Fi ohun tó ń dí proteasome lọ́wọ́, bíi MG132, sí òmíràn ṣáájú PROTAC. Bí BRD4 bá ṣì ń pòórá, kì í ṣe ọ̀nà tí o rò ni ó gbà. Fi pomalidomide púpọ̀ sí òmíràn kó bá PROTAC du cereblon. Kí o sì ṣe ẹ̀dà kan tí méthyl wà lórí náítírójìn glutarimide: gígùn kan náà, línkà kan náà, ṣùgbọ́n kò lè di cereblon mú. Bí ẹ̀dà yẹn náà bá ń pa sẹ́ẹ̀lì bí ti ojúlówó, JQ1 ni ó ń pa á, kì í ṣe ìwópalẹ̀ BRD4.

Wo àwọn purotéènì IKZF1, IKZF3 àti GSPT1 pẹ̀lú. Pomalidomide fúnra rẹ̀ máa ń fa IKZF1 àti IKZF3 lọ sọ́dọ̀ cereblon, línkà tí o bá so mọ́ ọn lè dín ìwà yẹn kù, ó sì lè fi GSPT1 kún un. Nígbà tí GSPT1 bá pòórá, sẹ́ẹ̀lì yóò kú, inú akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dùn lórí asán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìpakodò

Ẹ̀yin àgbà mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ti fi ìmọ̀ràn yín han olùkọ́ mi lówùúrọ̀ yìí, ó sì fọwọ́ sí i pé kí a ra ámíìnì mẹ́rin tí ẹ̀gbọ́n wa kà sílẹ̀, kí a fi triazole àti piperazine sílẹ̀ ná. Ti kábọ́ọ̀nù mẹ́rin ni n ó kọ́kọ́ sè, torí pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù, kí ọwọ́ mi lè mọ́ iṣẹ́ náà kí n tó dé ti PEG. Mà á, ṣé kí n ṣe ẹ̀dà onímethyl fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Rárá, ọmọ mi, ti èyí tó bá ṣiṣẹ́ jù nìkan ni kí o ṣe. Nígbà tí o bá tú wọn sínú DMSO, pín in sí ìgò kéékèèké tí o lè lò tán lẹ́ẹ̀kan, kí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ má baà máa yọ́ ọ, kí ó tún máa dì, nítorí pé DMSO máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, omi yẹn náà sì máa ń ṣí òrùka glutarimide díẹ̀díẹ̀. Kọ ọjọ́ tí o tú u sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ti ní ti kábọ́ọ̀nù mẹ́rin, gbé mílígíráàmù méjì wá, n ó bá ọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ṣáájú kí àwọn yòókù tó dé.